Mississippi John Hurt: níbo ló wà láti ọdún 1928 títí di ọdún 1963?

Adéwálé Olókùn-Mẹ́fà:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ fẹ́ràn orin olókùn. Ìbéèrè mi dá lórí Mississippi John Hurt, olórin blues ọmọ Amẹ́ríkà tó máa ń fi ìka mẹ́ta péré ta gìtá. Ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀ kò ju pé ó kọ orin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Okeh ní ọdún 1928, pé kò sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀ lẹ́yìn náà, àti pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wá a rí ní ọdún 1963, nígbà tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún.

Ohun tó rú mi lójú ni pé nígbà tí mo gbọ́ àwọn orin ti ọdún 1928, tí mo sì gbọ́ àwọn ti ọdún 1963 tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ kan náà ni mo gbọ́. Ohùn rẹ̀ ti dàgbà, ó sì ti rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún 35 kí iṣẹ́ náà má sì fi í sílẹ̀? Níbo gan-an ló wà ní gbogbo àkókò yẹn? Ṣé ilé iṣẹ́ tó gbé orin rẹ̀ jáde ló rẹ́ ẹ jẹ, àbí òun fúnra rẹ̀ ló kẹ̀yìn sí orin? Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ bí ó ṣe ń lo ìka, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní kíkún, nítorí àwọn fídíò tí mo wò kò jẹ́ kí n rí ohun tí ìka kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Bàbá Àkàngbé:

Adéwálé, o ṣeun tí o mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wá síbí. Ìdáhùn tí mo ní kò gùn, àlàyé rẹ̀ ló gùn: John Hurt kò fi gìtá sílẹ̀, àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ni kò wá a wá mọ́. Avalon ló wà, ní àgbègbè Carroll ní ìpínlẹ̀ Mississippi, níbi tó ti dàgbà, gbogbo ará ibẹ̀ ló sì mọ ilé rẹ̀. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bá ń sọ pé ó sọnù, ó yẹ kí á máa bi wọ́n pé ọwọ́ ta ló ti sọnù.

Teoc, tí kò jìnnà sí Avalon, ni wọ́n ti bí i, ní ọdún 1892 tàbí 1893, nítorí àwọn àkọsílẹ̀ kò fẹnu kò. Abúlé ni Avalon jẹ́, ní ojú ọ̀nà tó ti Greenwood lọ sí Grenada, níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Delta ti parí tí ilẹ̀ olókè sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo dárúkọ ibẹ̀ dáadáa nítorí ó kan orin rẹ̀. Nínú Delta fúnra rẹ̀, àwọn bíi Charley Patton àti Son House ń kọrin fún èrò tó ń mutí tó sì ń pariwo, wọ́n ń fi agbára lu okùn gìtá, wọ́n sì ń ké tọkàntọkàn kí ohùn wọn lè borí ariwo ilé ijó. John Hurt kò kọrin bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń kọrin bí ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ilé nírọ̀lẹ́, kò sì sí ìgbà tí a gbọ́ pé ó fi ipá mú ohùn jáde.

Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Carson máa ń wá sùn nílé wọn pẹ̀lú gìtá rẹ̀. Wọn kò gbà kí ọmọdé fọwọ́ kan gìtá náà, ṣùgbọ́n bí Carson bá ti sùn, John á yọ́ lọ gbé e, á sì máa wá ohun tó ti gbọ́ lórí okùn títí yóò fi rí i. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ ra gìtá fún un ní dọ́là kan àti ààbọ̀. Black Annie ni orúkọ tí wọ́n ń pe gìtá náà. Kò sí olùkọ́ tó jókòó tì í. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ nígbà tó dàgbà ni pé òun kàn ń mú kí ó dún bí òun ṣe rò pé ó yẹ kó dún.

Ó tètè kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì bọ́ sóko. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń dá oko òwú àti àgbàdo, ìpín onílẹ̀ á sì jáde nínú ìkórè kí tirẹ̀ tó kù. Ó bá ilé iṣẹ́ reluwé Illinois Central ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi òòlù kan irin mọ́ igi ojú irin, níbẹ̀ ló sì ti kọ́ orin àwọn olóòlù tó padà di ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ tó lókìkí jù. Ìyókù ìgbésí ayé rẹ̀, iṣẹ́ oko àti dída màlúù ni. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Sátidé bá dé, tí ijó bá wà níbì kan, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí.

Ibi ijó wọ̀nyí ni ọ̀nà gbà là fún un. Ní Mississippi ìgbà náà, òfin àti àṣà ya aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ pátápátá, síbẹ̀ ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, Willie Narmour, tó ń ta fáólìn, a máa pe John Hurt láti bá a ta gìtá bí Shell Smith, ẹnìkejì rẹ̀ nínú orin, kò bá ráyè. Nígbà tí Narmour fi fáólìn gba ipò kìíní nínú ìdíje kan, tí àǹfààní àtigba orin sílẹ̀ fún Okeh sì tọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nípa bẹ́ẹ̀, Tommy Rockwell tó jẹ́ aṣojú ilé iṣẹ́ náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ ẹlòmíràn tó dáńtọ́ ní agbègbè náà. John Hurt ló dárúkọ. Rockwell wá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó sì ní kó máa bọ̀ ní Memphis.

Oṣù Kejì ọdún 1928 ni èyí. Ìròyìn tó fúnra rẹ̀ ṣe nípa ọjọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á: gbọ̀ngán ńlá kan ni, òun nìkan, Rockwell àti ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, wọ́n fi í jókòó sórí àga, wọ́n ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ ẹnu rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ti rí ibi tó dára, wọ́n ní kó má ṣe mi orí rẹ̀ mọ́ rárá. Ẹ̀rù bà á, ọrùn sì dùn ún fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Bí o bá tún gbọ́ orin “Frankie”, rántí pé ẹni tó ń ta gìtá tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò lè yí ọrùn.

Orin mẹ́jọ ló kọ ní Memphis, àwo kan ṣoṣo tó ní orin méjì ni wọ́n sì gbé jáde nínú rẹ̀. Ó tà dé ìwọ̀n tí Rockwell fi tún kọ̀wé pè é sí New York ní ìparí ọdún náà. Àwọn ará Okeh ni wọ́n fi “Mississippi” ṣíwájú orúkọ rẹ̀ kí àwo lè tà. Ní New York, níbi tí kò ti ní ará tí kò ti ní ojúlùmọ̀, àárò ilé mú un, ó sì ṣe orin kan tó fi sọ pé Avalon ni ìlú òun, pé kò kúrò lọ́kàn òun nígbà kankan. Ìyẹn ni “Avalon Blues”. Jẹ́ kí orin yẹn wà lọ́kàn rẹ, a ó padà sí i.

Ó padà sílé nígbà tí wọ́n parí, kò sì pẹ́ tí ọ̀dá owó ńlá ti ọdún 1929 fi bẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tó ń ra àwo bẹ́ẹ̀ kò rówó ra oúnjẹ mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àwo orin, àwọn ilé iṣẹ́ sì dẹ́kun àtimáa wá olórin kiri àwọn abúlé Gúúsù. Kò sẹ́ni tó tún kọ̀wé sí i. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó ń bá oko lọ, ó ń tọ́ ọmọ, ó sì ń ta gìtá fún àwọn tó ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ní ọdún 1952, àkójọ orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan jáde láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ àwo Folkways, Harry Smith ló ṣà á jọ láti inú àwọn àwo àtijọ́. Méjì nínú orin John Hurt wà nínú rẹ̀, “Frankie” àti “Spike Driver Blues”, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wọn wá ohun tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ó ti kú. Àwọn olólùfẹ́ blues méjì, Dick Spottswood àti Tom Hoskins ní Washington, ló fetí sí ọ̀rọ̀ tó wà nínú “Avalon Blues” pé ìlú òun ni Avalon. Avalon ti Mississippi kò sí lórí àwọn máàpù ìgbà náà. Inú ìwé máàpù àtijọ́ kan ni wọ́n ti rí i. Hoskins wakọ̀ lọ síbẹ̀ ní ọdún 1963, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù abúlé, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbọ́ orúkọ John Hurt rí, wọ́n sì nawọ́ sí òkè pé kó ka àpótí lẹ́tà títí dé ìkẹta. Kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tí gbogbo ayé ń wá, àpótí lẹ́tà rẹ̀ wà lójú títì.

Ìyábọ̀ Aláwo:

Bàbá Àkàngbé, ẹ kú iṣẹ́ ńlá, ẹ ó sì pẹ́ fún wa. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ pé kò sọnù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè Adéwálé nípa owó, nítorí mo máa ń bẹ̀rù pé ìtàn àpótí lẹ́tà yìí dùn débi pé kì í jẹ́ kí á rí ìyà tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí Rockwell kọ̀wé pe John Hurt wá sí New York, ohun tó ṣèlérí fún un ni dọ́là 20 lórí orin kọ̀ọ̀kan àti owó ìrìn àjò. Ó gba owó náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n jí i. Fún àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, owó gidi ni. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó so ó mọ́ orin ara rẹ̀ mọ́. Bí àkójọ ọdún 1952 ṣe ń tà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ orin rẹ̀ ní New York àti ní California, màlúù ló ń dà, kò sì mọ̀ pé ẹnì kankan ń gbọ́ òun. Nígbà tí Hoskins kanlẹ̀kùn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ló dé, ó sì sọ fún un pé ẹlòmíràn ló ń wá, pé òun kò ṣe ohun búburú kankan. Àwọn ènìyàn máa ń sọ èyí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ni, ní Mississippi ọdún 1963, ọdún tí wọ́n yìnbọn pa Medgar Evers, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní iwájú ilé rẹ̀ ní Jackson ní ìpínlẹ̀ kan náà. Bí aláwọ̀ funfun tí kò mọ̀ rí bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń dárúkọ rẹ̀, ó ní ìdí tó fi yẹ kó bẹ̀rù.

Àwọn tó wá a rí kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, ìwé àdéhùn wà níbẹ̀ náà, awuyewuye lórí àwọn ìwé yẹn àti lórí owó àwọn àwo rẹ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ wá sídìí orin mọ èyí. Iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe é kò rí èrè tó péye lórí rẹ̀ nígbà tó lágbára láti jẹ ẹ́.

Ohun tó tún yẹ kí á sọ ni pé ọdún mẹ́ta péré ló kù fún un. Ó ta gìtá níbi àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ ní Newport ní oṣù Keje ọdún 1963, níwájú ọ̀pọ̀ èrò tó ń gbọ́ ọ lójúkojú fún ìgbà àkọ́kọ́. Òun àti Jessie ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Washington, ó ń kọrin ní ilé kọfí àti ní yunifásítì, ilé ìkàwé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Library of Congress gba orin rẹ̀ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Vanguard náà sì gbà á sínú àwo. Kódà ẹgbẹ́ olórin Lovin' Spoonful mú orúkọ wọn láti inú ọ̀rọ̀ kan nínú “Coffee Blues” rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ bá a lára mu, ó padà sí Mississippi, ó sì kú ní Grenada ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1966. Itẹ́ òkú kan ní Avalon ni wọ́n sin ín sí.

Adéwálé Olókùn-Mẹ́fà:

Bàbá Àkàngbé, ẹ ṣeun púpọ̀. Àǹtí Ìyábọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín náà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. N kò ronú nípa ohun tó lè wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí àlejò náà kanlẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá tún bi yín ní nǹkan kan. Mo kà níbì kan pé nígbà tí Hoskins dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní gìtá nílé, gìtá àlejò ló gbà tó fi ta. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ pé kò fi gìtá sílẹ̀?

Bàbá Àkàngbé:

Òtítọ́ ni, Adéwálé, ó sì dára bí o ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí o tó gbà á. Kò ní gìtá lọ́wọ́ lásìkò yẹn, ìka rẹ̀ sì ti le díẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: láàárín oṣù mélòó kan péré, ó wà ní Newport, gbogbo ohun tó wà nínú àwọn àwo ọdún 1928 sì ti padà sí i lọ́wọ́.

Fi í wé ti Son House. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta wá òun náà rí ní Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, lẹ́yìn tó ti fi Mississippi sílẹ̀ láti ọdún 1943. Son House ti jáwọ́ nínú gìtá pátápátá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Alan Wilson, tó padà di ọmọ ẹgbẹ́ olórin Canned Heat, ló jókòó tì í tó ń ta àwọn orin tí Son House fúnra rẹ̀ ti gbà sílẹ̀ ní ọdún 1930 àti láàárín ọdún 1941 sí 1942 fún un, kí ó lè tún kọ́ wọn. Ọmọdé ń kọ́ àgbà ní orin àgbà. Nígbà tó padà sí ipò, ó ta iná lára àwọn tó ń wò ó, n kò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi gìtá sílẹ̀ nìyẹn, kò sì ṣẹlẹ̀ sí John Hurt.

Ìdí rẹ̀, ní èrò tèmi, ni pé orin Son House jẹ́ orin ibi tí èrò ti pọ̀, tí kò bá sí èrò, kò sí orin. Ti John Hurt jẹ́ orin inú ilé. Kò nílò gbọ̀ngán, kò nílò àwo, kò nílò ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò. Gbogbo ohun tó nílò ni gìtá kan, ìbáà jẹ́ ti ẹni tó yá a, àti àwọn aládùúgbò tó jókòó tì í. Nítorí náà, nígbà tí ọjà àwo wó ní ọdún 1929, ó wó lé àwọn tó ń gbé lórí ọjà náà. Ìdí orin John Hurt wà níbòmíràn. Ìyábọ̀ sọ òtítọ́ pé a gbọdọ̀ rí ìyà inú rẹ̀, mo sì gba ìyẹn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọdún 35 yẹn ṣófo. Àwọn ará Avalon ti ń jẹ nínú rẹ̀ ní gbogbo ọdún náà.

Ohun mìíràn tó jọ èyí: ní ọdún 1963 kan náà, orin kan nípa ìlú Aberdeen ní Mississippi ló jẹ́ kí atagìtá kan, John Fahey, àti ẹnìkejì rẹ̀ rí olórin blues mìíràn, Bukka White. Wọ́n kọ lẹ́tà sí “Bukka White, olórin blues àtijọ́”, wọ́n ní kí ilé ìfìwéránṣẹ́ Aberdeen bá àwọn fi jíṣẹ́, lẹ́tà náà sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Memphis. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti kọ àdírẹ́sì wọn sínú orin láìmọ̀.

Túnjí Atagìtá:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti ìka, nítorí ibẹ̀ ni mo ti lè wúlò.

Adéwálé, ìka mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́: àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín. Ìka kẹrin, àti ọmọńdinrin pẹ̀lú rẹ̀ nígbà mìíràn, á fara ti pákó gìtá nísàlẹ̀ okùn, kí ọwọ́ lè dúró sójú kan. Bí o bá wo àwòrán rẹ̀ tó ń ta gìtá, wá ìka yẹn, wàá rí i pé kò kúrò níbẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀dù C (okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni mo ń pè ní èkíní, èyí tó nípọn jù ni ẹ̀kẹfà). Àtàǹpàkò á ta okùn karùn-ún, á bọ́ sórí okùn kẹrin, á padà sórí karùn-ún, á tún bọ́ sórí kẹrin. Máa fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ bí o ti ń ta á, kí àtàǹpàkò máa bọ́ sórí okùn ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. Má ṣe nǹkan mìíràn títí wàá fi lè máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kí àtàǹpàkò má sì dúró. Ó lè gbà ọ́ ní ọ̀sẹ̀, ó lè gbà ọ́ ní oṣù, má ṣe fo ibẹ̀. Gbogbo àwọn tí mo ti rí tí wọn kò lè ta orin John Hurt, àtàǹpàkò ló ń dà wọ́n, kì í ṣe àwọn ìka yòókù. Àtàǹpàkò wọn á dúró díẹ̀ nígbà tí ohùn orin bá le, ẹni tó ń gbọ́ á sì mọ̀ ọ́n lára.

Ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ni wọ́n ń kọrin, lórí okùn kẹta, ìkejì àti èkíní. Ohùn kan á bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú àtàǹpàkò, ìkejì á bọ́ sí ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Àwọn tó bọ́ sí ìgbà tí ẹsẹ̀ wà lókè yìí ni wọ́n ń mú kí orin rẹ̀ máa jó bẹ́ẹ̀, tí etí fi ń rò pé gìtá méjì ló ń dún. Mú “Louis Collins” fún àkọ́kọ́, kọ́ọ̀dù C náà ló fi ta á. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ni ìka rẹ̀ ń sọ, nítorí náà, bí o bá mọ orin náà lẹ́nu, etí rẹ á máa darí ìka rẹ.

Mo sì fẹ́ kí o fiyè sí ohun tí orin yẹn ń sọ. Ìtàn ẹni tí wọ́n yìnbọn pa ni, àwọn obìnrin ìlú ń múra láti lọ síbi òkú. John Hurt ṣe é láti inú ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Gìtá kò sọ̀rọ̀ ikú rárá, ó dùn, ó tutù, kò yára. Bí mo bá ti ń ta á, tí mo gbìyànjú láti fi ìbànújẹ́ kún un pẹ̀lú ipá, ó máa ń bàjẹ́. Fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìbànújẹ́ náà ti wà nínú ọ̀rọ̀.

Adéwálé Olókùn-Mẹ́fà:

Ẹ̀gbọ́n Túnjí, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo ń wá nínú fídíò nìyẹn tí n kò rí. Ìbéèrè tó kù mí kù ni èyí: nínú àwọn àwo rẹ̀, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́ dáadáa, ti ọdún 1928 ni àbí ti ìgbà àgbà rẹ̀?

Ìyábọ̀ Aláwo:

Ti ọdún 1928 ni kí o kọ́kọ́ gbọ́, Adéwálé, nítorí kò pọ̀. Orin 13 péré ló kù sílẹ̀ nínú gbogbo ohun tó gbà sílẹ̀ fún Okeh ní Memphis àti New York, o sì lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ariwo àwo àtijọ́ á wà níbẹ̀, fara dà á. Ní àkókò yẹn, ọkùnrin tó wà láàárín ọgbọ̀n ọdún sí ogójì ni, ó ń ta orin kíákíá ju bí ó ṣe ń ta á nígbà tó dàgbà, pàápàá jù lọ “Frankie”, tí mo gbà pé ó jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ gìtá tó mọ́ jù lọ tí ẹnikẹ́ni gbà sínú àwo ní ọdún mẹ́wàá yẹn. Fiyè sí i pé orin ìsìn méjì wà láàárín wọn; kò ya orin ilé ìjọsìn sọ́tọ̀ kúrò lára orin ijó bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe, ohùn kan náà ló fi kọ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, gbọ́ àwọn tó gbà sílẹ̀ fún Library of Congress. Wọ́n fún un láyè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó má mi orí. Ó ń sọ̀rọ̀ láàárín orin, ó ń sọ ibi tó ti rí èyí àti ẹni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Èyí tí Vanguard pè ní “Today!”, tó jáde ní ọdún 1966, ló mọ́ jù nínú ti ìgbà àgbà rẹ̀ ní ti bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, bí o bá ń kọ́ ìka, òun ni kí o fi kọ́ ọ, nítorí wàá gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan.

Bí o bá ti gbọ́ gbogbo wọn, padà sí “Spike Driver Blues” ti ọdún 1928. Àwọn orin tó pọ̀ nípa John Henry, olóòlù tó bá ẹ̀rọ díje títí ó fi kú, ń yìn ín pé ó kú bí akíkanjú. Ti John Hurt kò gba ọ̀nà yẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ nínú tirẹ̀ wo òòlù náà, ó ní òun ló pa John Henry, ṣùgbọ́n kò ní pa òun, ó gbé e sílẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e padà fún ọ̀gá, ó sì ń lọ. Gìtá rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí kọ́ọ̀dù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, àtàǹpàkò ń rìn bí ẹni tó ti pinnu. Ó ti bá àwọn olóòlù ṣiṣẹ́ lójú irin rí, ó mọ ohun tí òòlù yẹn wọ̀n. Bí Túnjí bá gbà, kí ó kọ́ ọ ní ìyẹn tẹ̀ lé “Louis Collins”.

Túnjí Atagìtá:

Mo gbà, àǹtí mi. Kọ́ọ̀dù G ni, Adéwálé. Àtàǹpàkò á máa lọ láti okùn kẹfà sórí ìkẹrin. Bí o bá ti lè ta “Louis Collins” láìdúró, kọ̀wé síbí, màá kọ ìtò ìka rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ ní ẹsẹẹsẹ.